Ọkọ̀ Tí Ó Ní Ìyá Méjì

Ọkọ mi ti sọ ọ́ sétí gbogbo ilé pé obìnrin kankan kò ní jókòó sídìí sítíárìn ọkọ̀ òun. Kì í ṣe oníjàgídíjàgan ènìyàn. Akọ̀wé ni ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó gbà pé obìnrin lè kàwé, pé ó lè ṣe tíṣà bí èmi náà ti ń ṣe é nígbà náà, pé ó tilẹ̀ lè di ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ wíwà gba ọkàn tó dúró sójú kan. Nígbà tó ń sọ èyí, a kò tíì ní ọkọ̀.

Ọkọ̀ wá dé lásìkò SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, nígbà tí ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò lókèèrè bí ẹni ń wo bàálù. Mọkáníìkì kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló tò ó pọ̀. Ara rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀ kékeré kan tí ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ tán. Mọkáníìkì náà ṣàlàyé fún wa pé ohun tó dára jù lára ọkọ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀: ara tó lágbára, àti ẹ́ńjìnnì tí kì í mu epo. Ọkọ mi ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ayọ̀ fún. Mo bi wọ́n bóyá ara àti ẹ́ńjìnnì yìí mọ ara wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bàbá onílé wa, àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lójúde ilé, ṣe àdúà sí i. Àwọn ará àdúgbò wò ó yí ká, wọ́n kí wa kú oríire, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọmọ Ìyá Méjì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Kò pẹ́ tí a fi mọ ìwà rẹ̀. Láàárọ̀, wẹ́rẹ́ báyìí ló máa ń sítáàtì. Bí ilẹ̀ bá tẹ́, á sáré dáadáa. Àmọ́ bó bá ti kan òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ mi á tẹ epo mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní dáhùn. Agbára rẹ̀ á máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Kì í pariwo, kì í rú èéfín, á kàn dákẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ á ṣì máa yí lọ, àwa méjèèjì á jókòó sínú rẹ̀, a ó máa gbọ́ atẹ́gùn lójú fèrèsé. Ìgbà tí tírélà tó wà lẹ́yìn bá fọn fèrè ni a tó máa ń rántí ibi tí a wà.

Mọkáníìkì pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ ohun tó ń fa epo. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sọ pé òun ti rí i báyìí. Ọkọ̀ náà á gbọ́ràn fún ìgbà díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí.

Ohun kan ṣoṣo tó ń jí i ni kí ènìyàn tì í. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń tì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níwájú tí yóò fi jíà sí ipò kejì, tí yóò tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń yí. Níbẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń tì. Ó kú lọ́jọ́ kan níwájú ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde wá bá mi tì í, wọ́n sì fi mí ṣe ẹ̀rín fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lóyún ọmọ wa kejì. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Kò sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ títì, bóyá kò rò ó pé ẹnikẹ́ni á ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí èmi sì bọ́ sídìí sítíárìn. Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kí n jókòó, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣàlàyé fún mi.

“Èyí kì í ṣe ọkọ̀ wíwà,” ó ní. “O kàn ń bá mi di nǹkan mú ni.”

Mo ní mo gbọ́.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ni ohùn tíṣà mi ti ń wá, tòun ti èémí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún kòtò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, màá fi ẹsẹ̀ kan sórí epo kó má baà tún kú, màá máa sún sápá ọ̀tún, ọkọ mi á sáré wọlé lápá òsì, á sì gba epo lẹ́sẹ̀ mi. A mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn ará àdúgbò máa ń dúró wò wá. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. N kò tíì rí ìdí tí màá fi kọ́ ọ. Ọkọ̀ yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni dá a dúró.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ẹbí fẹ́ pàdé láàárọ̀ Sátidé lórí ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá ọkọ mi tó ti kú fi sílẹ̀. Ọkọ mi ni àkọ́bí ọkùnrin, wọ́n ní láìsí òun ìpàdé kò ní bẹ̀rẹ̀. Ó wọ agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó dé fìlà, ó wọ bàtà tuntun. A fi ọmọ wa sọ́dọ̀ ìyàwó bàbá onílé, a sì gbéra. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń dán ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ẹbí sọ wò, tó ń fi ọwọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé Odò Ọbà, ọ̀nà gun òkè, ọkọ̀ sì dákẹ́.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó ká a dáadáa sórí àga ẹ̀yìn, ó gbé fìlà lé e. Ó ronú díẹ̀, ó tún bọ́ bàtà. Àwọn àgbẹ̀ kan tó ń kọjá bá a tì. Orí òkè ti sún mọ́, nítorí náà kò pẹ́ tí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sísàlẹ̀. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn pẹ̀lú agbára tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró de ọkọ mi bí a ti ń ṣe. Àmọ́ ilẹ̀ ń dà, ọkọ̀ ń sáré, mo sì gbọ́ fèrè tírélà lẹ́yìn mi. Bí mo bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, á kú síwájú tírélà náà. Mo tẹ epo. Nínú dígí mo rí ọkọ mi tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń ju ìkejì sí mi. N kò lè mọ̀ bóyá dúró ló ń wí tàbí máa lọ. Lẹ́yìn náà, tírélà bò ó mọ́lẹ̀ nínú dígí, n kò rí i mọ́.

Ẹ̀rù bà mí títí mo fi kọjá afárá. Ẹ́ńjìnnì ń ké, nítorí jíà kejì ni mo ṣì wà. Mo rántí bí ọwọ́ ọkọ mi ṣe máa ń lọ, mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo bá a ní jíà kẹta. Ariwo náà rọ̀. Ọmọ inú mi yí padà, ó sùn. Gbogbo òkè tó kù lọ́nà ni ọkọ̀ náà gùn lọ́jọ́ yẹn láìmí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí mo fi máa rí òrùlé Ògbómọ̀ṣọ́, orin ìsìn ni mò ń kọ.

Ní Tákíé, láàárín ìlú, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ na ọwọ́ sókè. Mo fi gbogbo agbára tẹ búrẹ́ẹ̀kì, n kò rántí kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ta gìrì, ó kú sí àárín oríta. Ọlọ́pàá náà wá sójú fèrèsé. Ó wo ikùn mi, ó wo agbádá àti fìlà tó jókòó sẹ́yìn.

“Dírẹ́bà dà?”

“Èmi ni,” mo ní. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn láti sọ.

Ó bi mí ta ló ni aṣọ. Mo ní ọkọ mi ni, pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó wo ọ̀nà Ọ̀yọ́ títí, kò rí ẹnì kankan. Ló bá pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n sì tì mí dé ojúde ilé ìyá ọkọ mi.

Àwọn àgbà ẹbí ti jókòó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Nígbà tí oòrùn mú, àbúrò bàbá ọkọ mi ní kí wọ́n gbé agbádá náà sórí àga àkọ́bí, kí wọ́n máa bá ìpàdé lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé náà sì tètè parí: wọ́n fẹnu kò pé kí ìyá ọkọ mi máa gbé inú ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Wọ́n ti ń jẹun nígbà tí lọ́rì tó kó èédú dúró lójúde, tí ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí èédú. Bùbá àti ṣòkòtò funfun rẹ̀ kò funfun mọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí aboyún fi ń dá wa ọkọ̀ bọ̀ láti Ọ̀yọ́.

Ó wò mí. Ó wo àwọn àgbà. “Èmi ni mo ní kó máa gbé e bọ̀ níwájú,” ó ní.

Àbúrò bàbá rẹ̀ mi orí. Ó ní bí ọkùnrin tó lajú ṣe ń ṣe nìyẹn, pé kí àwọn tó kù nínú ẹbí náà wò ó kọ́gbọ́n. Gbogbo wọn kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gba oríkì tòun ti èédú lára. Wọ́n kí i tán kó tó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ilé dé, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti parí.

Nígbà tí a fẹ́ padà ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi ní kí n wa ọkọ̀, ó ti rẹ ọmọ òun. Níwájú gbogbo wọn, ó ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà fún mi, àwọn ọ̀dọ́ ilé sì tì wá títí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn. Ó jókòó sápá ọ̀tún, ó gbé agbádá lé ẹsẹ̀. Títí a fi dé Odò Ọbà ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni ń tẹ búrẹ́ẹ̀kì.

“Jíà kẹta,” ó ní jẹ́jẹ́.

Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Lẹ́yìn tí mo bímọ, mo lọ ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣe ni kí n dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá títì. Mo kùnà. Mo padà lọ, mo yege. A ta ọkọ̀ náà fún gbẹ́nàgbẹ́nà kan, tó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láti fi sínú ọkọ̀ kékeré mìíràn, tó sì sọ ara ọkọ̀ náà di ibi tó ń kó irinṣẹ́ sí. Mo gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń ṣe dáadáa níbi tí wọ́n wà. Ọkọ̀ tí a rà tẹ̀ lé e, ìyá kan ṣoṣo ló ní. Èmi ni mo máa ń wà á, ọkọ mi á máa ka ìwé ìròyìn. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó kọ́ mi, á ká ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, á ní òun ni, pé iṣẹ́ náà kò rọrùn, pé òun làágùn gan-an.