Ọjọ́ Tí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Túfọ̀ Ìyá Mi Fún Mi

Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan ló máa ń kọ́kọ́ kí ẹni tó bá dé pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Èrúwà. Ẹ̀yìn pápá náà gan-an ni àwọn obìnrin ti ń fún pákí, tí afẹ́fẹ́ bá sì ti yí padà, èéfín àti òórùn kíkan omi pákí á wọ inú aṣọ wa, débi pé tí mo bá délé ní Lanlate, ìyá mi á bi mí pé, "Ṣé bọ́ọ̀lù lo lọ gbá ni àbí gààrí lo lọ yan?" Títí dòní, tí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, ńṣe ló máa ń dà bíi pé kí ẹsẹ̀ mi sáré.

Lọ́jọ́ tí a jọ jókòó wo bọ́ọ̀lù, o bi mí pé kí ló ń sọ èèyàn di akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mi ò dá ọ lóhùn. Kì í ṣe pé mi ò ní èsì. Èsì mi ló gùn, ó sì ní òkú nínú.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí mò ń wí yìí ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Alága ẹgbẹ́ wa, oníṣòwò pákó kan, ló lọ bẹ̀ ẹ́ wá láti Ìbàdàn pé kó mú wa wọ ìpele àwọn tí ń gba owó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù. A ti ń retí ẹni tí yóò máa pariwo, tí yóò máa fi ìbínú ju fìlà mọ́lẹ̀ bí àwọn tí à ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó dé jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ti ha, o ní láti sún mọ́ ọn kó o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Kì í yin èèyàn lásán, kì í sì í bú èèyàn. Ohun tó bá rí ló máa sọ. Ó sọ fún aṣọ́lé wa pé ẹ̀rù bọ́ọ̀lù òkè ń bà á, ó sì ń dúró tì í lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti lọ, ó ń ju bọ́ọ̀lù sókè fún un títí ẹ̀rù náà fi kúrò lára rẹ̀. Ó sọ fún ẹnì kan tí gbogbo wa fẹ́ràn pé bọ́ọ̀lù kò ní bọ́ ọ, kó tètè lọ kọ́ṣẹ́. Ìyẹn sunkún, ó bínú, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Èmi tí mo jẹ́ balógun ikọ̀, ó sọ fún mi lójú gbogbo wọn pé ẹsẹ̀ òsì mi kò wúlò fún ohun kan ju kí n fi dúró lọ. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́, títí àwọn ará ilé fi ní kí n jẹ́ kí etí àwọn sinmi.

Ìdíje tó máa sọ bóyá a ó gòkè bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan ní Igbó-Ọrà. Yàrá ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni wọ́n fún wa láti múra. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ṣì wà lójú pátákó, àwọn bẹ́ǹṣì sì kúrú débi pé orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Òórùn rọ́ọ̀bù tí a fi ń pa ẹsẹ̀ gba inú yàrá náà kan. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọkùnrin kan wá láti Èkó nítorí mi, ẹni tó máa ń mú agbábọ́ọ̀lù lọ sí ẹgbẹ́ ńlá. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó jókòó lábẹ́ àgbòjò, tó ń mu omi inú ọ̀rá. Mo fi ẹ̀rín padà sórí bẹ́ǹṣì mi.

Mò ń di okùn bàtà mi lọ́wọ́ nígbà tí fóònù akọ́nimọ̀ọ́gbá dún. Ó wo ojú fóònù náà, ó jáde. Nígbà tó yá, mo rí òun àti alága lábẹ́ igi máńgòrò níta. Alága ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, akọ́nimọ̀ọ́gbá kàn ń wolẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹfirí ni. Ó wọlé padà, ó ní, "Kápítéènì, tẹ̀ lé mi."

Alága pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí a ti jọ sọ ọ́ tán! Àwọn ẹbí gan-an ló ní ká mú sùúrù!"

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú mi dé abẹ́ igi náà, ó ní kí n jókòó sórí gbòǹgbò. Mi ò jókòó. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká mi mú.

"Ìyá rẹ ti kú láàárọ̀ yìí," ó ní. "Ẹ̀yìn ìrun Alásárì ni ìsìnkú."

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n á ní ara màmá kò yá díẹ̀, kó o máa bọ̀ nílé. Wọ́n á ní àgbàlagbà kan fẹ́ rí ọ. Tó o bá sún mọ́lé, wàá rí bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ á ti sọ fún ọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Èyí kò gba ọ̀nà kankan wá. Ó bọ́ lù mí bí òkò. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá ta ni?"

"Ìyá tìrẹ."

Kò sí ohun tó ṣe ìyá mi. Ní ìjẹta tí mo kúrò nílé lọ sí àgọ́ ẹgbẹ́ wa, èlùbọ́ ló ń sá sójú àpáta, ó ń lé àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò, ó ń ṣépè fún wọn, ó tún ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń lé ewúrẹ́ ní ìjẹta ni wọ́n ní ó kú yìí? Etí mi di. Mò ń rí ẹnu akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rí i pé mo ti di okùn bàtà kan, ìkejì ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Ohun tí mò ń rò nínú orí mi, tí ojú máa ń tì mí láti sọ, ni pé tí òjò bá rọ̀, ta ló máa bá a kó èlùbọ́ náà wọlé?

Nígbà tí etí mi là, inú ló bí mi. Mo fẹ́ lu ọkùnrin náà. Ìgbà tí wọ́n máa kírun sí ìyá mi lára náà ni rẹfirí máa fọn fèrè, ẹni tó wá láti Èkó sì wà lábẹ́ àgbòjò rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ sọ fún mi?" Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tí mi ò gbé ojú sókè wò ó rí. "Ṣé ẹ ò lè dúró ni?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni," ó ní. "Kì í ṣe tèmi tí mo lè fi pa mọ́. Tó o bá fẹ́ gbá a, ìwọ ni màá kọ́kọ́ mú wọlé. Tó o bá fẹ́ lọ, bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n o ò ní gbá a láìmọ̀."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìnnà lilláhì." Alága na ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. "Ẹ ti bà á jẹ́!" ó ní. "Ẹ ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́!" Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí pèpéle, ó gbé orí lé ọwọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn bí ọmọ tó bí, ó sì dá a lójú pé àánú ni òun fẹ́ ṣe mí.

Mi ò rántí pé mo sọ pé mo fẹ́ lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì, èmi nìkan láàárín gbogbo ìjókòó yẹn, dẹ́rẹ́bà ń sáré, omi ọ̀rá tó jábọ́ ń yí kiri nílẹ̀ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ fi mú ara gbóná kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ṣì wà nínú àwọ̀n lẹ́yìn mi, a ti kó o lọ. Nígbà kan dẹ́rẹ́bà na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó di ọwọ́ mi mú díẹ̀, ó tún gbé e padà sórí sítíárìn.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Lanlate, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó máa dì mọ́ mi. Ńṣe ló sún sẹ́yìn bí ẹni tó rí iwin.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kóòṣì ni."

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ! Mo bẹ̀ ẹ́! Mo ní ká jẹ́ kó o gbá a tán." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé òun ló pe fóònù náà, àti pé ohun tí gbogbo ẹbí pinnu ni pé tí mo bá dé ní alẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú, wọn á mú mi jókòó, wọn á sì fi ọ̀rọ̀ rọra tù mí. Èmi tí mò ń bínú sí ọkùnrin kan láti Igbó-Ọrà títí dé Lanlate, mo wá ń wo ẹ̀jẹ̀ mi lójú, mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí mọ́.

Wọ́n ti wẹ ìyá mi. Wọ́n ti wé e ní funfun, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bo ojú rẹ̀. Ààfáà ní kí n wọlé kí n wò ó. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn. Mo dúró síbẹ̀ nínú aṣọ bọ́ọ̀lù, mo ń retí pé kó pè mí. Ẹnì kan bọ jálàbíà sí mi lọ́rùn, mo lọ ṣe àlùwàlá, mo sì rí i pé ìbòjúgun tí mo fi sínú ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà. A kírun sí i lára, a gbé e lọ. Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ibojì, ẹnì kan pe dẹ́rẹ́bà lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó mi orí. Wọ́n ti nà wá.

Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, alága ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo lọ bá a nílé tó háyà ní Èrúwà. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì. Mi ò mọ bóyá mo wá dúpẹ́ ni àbí mo wá jà.

"Tí mo bá ní kó o sáré sí àyè kan, pé bọ́ọ̀lù á bá ọ níbẹ̀," ó ní, láìgbé ojú sókè, "ṣé o máa ń wẹ̀yìn?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó wá láti Èkó kò padà wá wò mí mọ́. Mo gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ sí i níbòmíràn, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó mọ bọ́ọ̀lù ju tiwa lọ fíìfíì. Ó lè fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàlàyé eré fún ọ lórí tábìlì, wàá sì rí i bí ẹni ń wo sinimá. Nígbà tí orúnkún mi wú, ó ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí n wọlé. Mo wọlé. Ẹ̀yìn tí orúnkún náà ti kọ̀ jálẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé dókítà ti kìlọ̀ fún un. Ìyẹn náà gbò mí jìgìjìgì, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu tó ti Igbó-Ọrà. Irọ́ ni mo ti ń bá pàdé látìgbà tí mo ti dáyé, àní irọ́ onífẹ̀ẹ́. Òtítọ́ tó ná ẹni tó sọ ọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni mi ò tíì rí rí.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń jiyàn lórí ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń to agbábọ́ọ̀lù, ta ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ èèyàn, mo máa ń dákẹ́. Gbogbo ìyẹn ṣe pàtàkì, mi ò sọ pé kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé òun ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa á mọ́ fún mi, wá bá mi ní ọjọ́ fídáù, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé o ò dé..." kò sì lè parí rẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Tí mo bá gbá ìdíje yẹn, bóyá a ó borí, bóyá wọn á gbé mi gun èjìká yí pápá ká, màá sì dé Lanlate bá ebè ibojì kan. Dípò ìyẹn, nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá mi wọ ilẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la wà nínú kòtò láti gbà á. Apá ibi orí ni wọ́n fi mí sí. Ọwọ́ mi yìí ló gbé orí ìyá mi kalẹ̀.