Ọbẹ̀ Tí Bàbá Fi Imú Jẹ ní Durumi

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé Bàbá Mùsílíù ní Durumi, ńṣe ni mo di bírò mi mú bí ọmọdé ṣe ń di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Ọyẹ́ ti dé. Eruku bo ojú fèrèsé, oòrùn sì ń gba inú rẹ̀ wọlé bí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú omi kọjá. Fáànù ń yí díẹ̀díẹ̀ lókè. Títí di òní, tí mo bá rántí pálọ̀ yẹn, àfi bíi pé lójú àlá ni mo ti rí i.

Iṣẹ́ tí mo gbà ní Wuse lẹ́yìn tí mo parí àgùnbánirọ̀ ṣòro láti ṣàlàyé fún àwọn òbí mi. A máa ń lọ sí ilé àwọn aláìsàn tí dókítà ti sọ pé oògùn kò lè wò sàn mọ́. A ń lọ kí ìrora wọn lè rọlẹ̀, kí àwọn ará ilé wọn má sì dá wà pẹ̀lú ẹ̀rù. Ìtọ́jú ìtura ni à ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń mójú tó ara aláìsàn. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá ni wọ́n gbà láti máa jókòó ti ẹbí.

Bàbá mi ní, "Kí o máa jókòó? Ìyẹn lo fi ọdún mẹ́rin kọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé èmi náà ò mọ̀ bóyá mo lè jókòó ọ̀hún bó ṣe yẹ.

Ọ̀gá mi ni Àǹtí Rábì, nọ́ọ̀sì, ọmọ Núpé tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìlọrin. Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi tí wọ́n bí sí Kubwa lọ. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Mùsílíù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ta pákó ní Dei-Dei fún ọ̀pọ̀ ọdún kí jẹjẹrẹ tó mú un ní ọ̀fun. Inú yàrá ló dùbúlẹ̀ sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mùsílíù, gbé omi fún wa ní pálọ̀. Àǹtí Rábì lọ fọ ọwọ́. Èmi ní tèmi ṣí fọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ kí ọ̀gá mi padà wá bá iṣẹ́ tó ti parí, kó lè rí i pé mo wúlò. Ni mo bá ka ìbéèrè kẹta sókè ketekete:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni Bàbá fẹ́ wà tí ọjọ́ ikú wọn bá dé?"

Mi ò mọ̀ pé fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ fún Bàbá pé egbò ọ̀fun lásán ni. Ṣùgbọ́n bí mi ò tilẹ̀ mọ̀, ilé Yorùbá wo ni àlejò ti máa ń pe ikú bàálé lórúkọ kó tó mu omi tí wọ́n gbé fún un tán? Ìyá Mùsílíù di etí ìborùn rẹ̀ mú.

Ohùn kan tó ti há jáde láti inú yàrá. "Ta nìyẹn? Ẹ jẹ́ kó wọlé. Èmi ló yẹ kó bi."

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó ti gbẹ ni mo bá lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Ilé yìí ni," ó ní. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi. Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń parọ́ fún mi, ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́."

Ìyá Mùsílíù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sáré lọ sí kíṣìnì. A gbọ́ ẹkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbọ́ tó tan gáàsì.

Nínú takisí, mo ṣàlàyé ara mi títí a fi dé Wuse: bí ẹ̀rù ṣe bà mí, ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí, bí ó ṣe ń dùn mí pé ẹ̀rù bà mí. Àǹtí Rábì na ọwọ́ sí mi.

"Mú bírò yẹn wá." Ó jù ú sínú báàgì rẹ̀. "Lọ jókòó láìsí i ná. Kai, Bísọ́lá! O máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé."

Ìyá Mùsílíù kò jáde kúrò ní kíṣìnì yẹn mọ́, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun Bàbá ń dí lójoojúmọ́, ògì pàápàá ti ń há a. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí a bá dé, a máa ń bá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ gbìyànjú, Bàbá Mùsílíù. Ṣíbí kan péré."

Bàbá á la ẹnu nítorí rẹ̀. Á há a, á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mọfíìnì olómi tí Àǹtí Rábì ń fún un lábẹ́ ahọ́n ń dá ìrora dúró, àmọ́ kò lè ṣí ọ̀nà fún oúnjẹ. Àǹtí Rábì mú Ìyá Mùsílíù jókòó. Ó ṣàlàyé pé oúnjẹ náà ń ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, àti pé ara tó ń múra àtilọ kì í béèrè oúnjẹ mọ́.

"Kí n fi ebi pa ọkọ mi?" Ìyá Mùsílíù ní. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò fi ebi sùn lọ́dọ̀ mi rí. Ìsinsìnyí tí kò lè dìde ni kí n wá jẹ́ kí ebi bá a lọ?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó ti Bàbá ní ọwọ́ àárọ̀. Ó ń sọ fún mi, gbólóhùn kan, ìsinmi kan, bí àwọn oníbàárà ní Dei-Dei ṣe máa ń di ojú òun, tí wọ́n á gbé pákó sábẹ́ imú òun láti dán òun wò. Arère, ìrókò, apá, kò sí èyí tí òun ò lè fi òórùn mọ̀. "Imú yìí ò parọ́ fún mi rí," ó ní, ó sì dijú. Òórùn kan ń bọ̀ láti kíṣìnì.

"Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀," ó rọra sọ. "Irú yẹn, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Wọn kì í ta irú rẹ̀ ní Wuse. Ẹja ti wọnú rẹ̀ tipẹ́."

Mi ò ro nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dé kíṣìnì.

"Mà, ẹ gbé ìkòkò yẹn bọ̀ níbí."

"Ṣebí ẹ ní kí n má fún un lóúnjẹ?"

"Ẹ má mú ṣíbí. Ẹ kàn wá ṣí i."

Ó gbé e ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí ìdérí. Ooru ọbẹ̀ náà gòkè sínú ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́, ó lọ́, ó tú ká, yàrá náà sì rí fún ìṣẹ́jú kan bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣàìsàn rí. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó tún mí.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó," ó ní.

"Báwo lẹ ṣe ń fi imú mọ iyọ̀, Bàbá Mùsílíù?"

"Ṣé mo nílò imú? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ ẹ́. Kò tó rí."

Ìyá Mùsílíù fi ìdérí bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń sè, ó ń gbé e wá, ó ń ṣí i. Bàbá á ka ohun tó wà nínú rẹ̀, á sì bú iyọ̀. Kò sí ṣíbí, kò sí ikọ́ mọ́. Àǹtí Rábì kọ́ Ìyá Mùsílíù bí a ṣe ń rẹ òwú sínú omi láti fi mú kí ètè aláìsàn tutù. Ìyá Mùsílíù wo òwú náà, ó ní, "Omi tí a máa ń kán sí ẹni tó ń lọ lẹ́nu nìyí. Mo ṣe é fún ìyá mi." Ohun tí a fẹ́ kọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan ni Bàbá lọ. Ìkòkò ṣí sílẹ̀ lórí àpótí. Ìyàwó rẹ̀ ń tu ètè rẹ̀ lára, ó ń ka kálímà sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo há sórí sá kúrò lọ́pọlọ mi. Mo jókòó.

A máa ń padà lọ kí ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àǹtí Rábì fa bírò mi yọ láti inú báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná.

Ìyá Mùsílíù jókòó sórí ẹní nínú yàrá Bàbá. "Bísọ́lá, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ebi ò bá a lọ?"

Àlàyé tó pọ̀ rọ́ dé ẹnu mi. Mo gbé wọn mì.

"Èémí tó mí kẹ́yìn, mà, òórùn ọbẹ̀ yín ló wà nínú rẹ̀."

Ìyá Mùsílíù dìde, ó gbé èbà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá síwájú mi, ó sì ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó tó, mà."

"Mo mọ̀," ó ní, ojú rẹ̀ wà lára àpótí tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń tó."