Mú-Tàtijọ́-Wá àti Púlọ́ọ̀gì Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Bí ẹ bá bi oníbátìrì léèrè nípa bàbá tó ń ta púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò ní kò sí alágídí tó tó o láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà náà títí dé ìparí rẹ̀. Oníbàárà a dé tòun towó lọ́wọ́, bàbá a ní kó padà sílé. Ó ti dá awakọ̀ kan padà rí tí òjò pa bí ẹyẹlé, nítorí pé ọkùnrin náà kò mú púlọ́ọ̀gì tó bàjẹ́ dání. “Ṣé ọjà ló ń tà ni, àbí ó ń ṣọ́ ọjà?” Bí oníbátìrì ṣe máa ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn òpópónà, òun á ní nínú gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ọkàn òun balẹ̀ lé lórí. Bí bàbá bá ti yan púlọ́ọ̀gì, òun kì í tún un wò kí òun tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó kàn dunni ni pé èébú oníbátìrì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyìn mẹkáníìkì ló ba nǹkan jẹ́.

Mú-Tàtijọ́-Wá ni wọ́n sọ bàbá náà. Púlọ́ọ̀gì kò ju ìka ọwọ́ lọ: tánganran funfun lókè, irin nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìlà tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, èyí tí a fi ń dè é wọnú ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣáná sí epo kí ọkọ̀ lè rìn. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, òmíràn ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, òmíràn kúrú. Òmíràn ń tètè tutù, òmíràn ń pa ooru mọ́ra. Nọ́ńbà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ sára tánganran ló sì ń sọ irú ẹni tí kálukú jẹ́. Ìdí nìyí tí bàbá fi ń béèrè èyí tó ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Yóò nù ún, yóò yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, á ní epo ń pọ̀ jù. Bó bá funfun bí eérú, á ní ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Bó bá pọ́n bí ewé gbígbẹ, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Kò sí àìsàn kankan lára eléyìí. Ọjọ́ orí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, bíi tèmi.” Lẹ́yìn náà ni yóò nà án ró sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àgbọ̀n rẹ̀ yóò fi kan pákó, kó lè rí i pé orí àwọn méjèèjì dọ́gba. “A kì í fọkàn wọn bàtà fún ẹni tí kò sí nílé,” ni yóò wí, kó tó gbowó.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ní ọkọ̀ ẹrù kékeré kan, píkọ́ọ̀pù. Ó fi ń kó omi inú ìgò láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló gbé ọmọ náà lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà jókòó. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Bàbá náà padà sẹ́nu ọjà tirẹ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó kọ́kọ́ rò pé omijé ni. Nígbà tí ẹkún dáwọ́ dúró tí ìkùukùu náà kò kúrò, ó mọ̀ pé ohun mìíràn ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó há ipò páálí kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ sórí, nígbà tó bá sì kan nọ́ńbà, á na púlọ́ọ̀gì sí oníbàárà, á lejú mọ́ ọn bí olùkọ́: “Èmi mọ̀ ọ́n o. Ìwọ ni mo fẹ́ dán wò. Kà á kí n gbọ́.” Oníbàárà á kà á, á sì máa yangàn pé òun yege.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú nǹkan tó di sínú àkísà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Ìyàwó mi! Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni. Píkọ́ọ̀pù ni kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa wúkọ́ bí arúgbó. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo tú wá o, kí ẹ má baà lé mi padà!”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ gba ẹrù náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kú sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnì kan tó ṣì wà lára àkísà náà. Ẹ̀wù tí ọmọ rẹ̀ máa ń wọ̀ tún ọkọ̀ ṣe ni. Ó dì í mú títí, kò tú u. Ó fi í sínú àpótí abẹ́ káńtà, ó yí padà sí pẹpẹ, ó sì mú púlọ́ọ̀gì mẹ́rin jáde láti ìlà kẹta.

“Bàbá, ẹ ò tíì wò ó.”

“Ìwọ náà ti di ọ̀gá mi? Èmi ni mo yan púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi.”

Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà kò ju mọ́kànlá lọ. Ìyàwó gba púlọ́ọ̀gì mẹ́rin náà. Ohun kan wà tí òun mọ̀ tí kò sọ: oṣù mẹ́rin kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó ti yọ ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù náà, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó má sọ fún Bàbá. Obìnrin náà ti rò pé púlọ́ọ̀gì inú àkísà á ròyìn fúnra rẹ̀; nígbà tí Bàbá kò sì tú u, ìlérí tó ṣe fún ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Mẹkáníìkì gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò wọ́n, ó dè wọ́n. Ó ní kí ìyàwó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀! Kọ̀! Kọ̀! Ìyàwó pa á kíá, ṣùgbọ́n kíá náà ti pẹ́ jù. Kò tó wákàtí kan tí mẹkáníìkì fi dúró níwájú káńtà pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti rún.

“Bàbá, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lẹ fún wa. Písítìn tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì ló gbá a. Písítìn náà sì ti là.”

“Irọ́ ni.”

“Ẹ fọwọ́ bà á, sà.”

Bàbá fa àpótí abẹ́ káńtà yọ, ó tú àkísà náà. Ó na ti àtijọ́ ró, ó na ti tuntun ró, kò sì bẹ̀rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé wọn lórí, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé orí àgbà àti ọmọdé.

“Ẹ̀bi tèmi náà ni,” mẹkáníìkì ní. “Ó yẹ kí n fi wọ́n wéra.”

“Rárá. Ìwọ gbà mí gbọ́ ni.”

Ní òdìkejì òpópónà, oníbátìrì ti gbọ́. “Ẹ gbà mí o! Àṣé Mú-Tàtijọ́-Wá náà lè gba tàtijọ́ kó má wò ó!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá dá àkísà náà padà sínú àpótí. Ohun tó ń rò ni pé gbogbo àṣírí ọmọ òun ló wà nínú ẹ̀wù yẹn, wọ́n gbé e lé òun lọ́wọ́, òun kò sì tú u.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni píkọ́ọ̀pù fi dúró lójú kan. Ìyàwó háyà ọmọlanke, ó ń ti ìgò omi kiri. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó jìnnà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè, “Kò sí,” ni èsì rẹ̀, pẹ̀lú páálí tó kún pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Oníbátìrì pàápàá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, èyí tó burú ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi písítìn tuntun sí ọkọ̀ náà tán, ìyàwó tún dé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le nítorí ọmọlanke.

“Bàbá, ó ku púlọ́ọ̀gì.”

“Lọ rà á níbòmíràn.”

“Níbo? Ẹni tó wà níbòmíràn ò mọ ọkọ mi.”

Bàbá gbọ́wọ́ lé káńtà. “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì?”

“Ó ní ẹ ó pariwo.”

“N bá pariwo lóòótọ́.”

“Ó ní bó bá pé ọdún kan tí kò yọ òun lẹ́nu, òun fúnra òun á wà á wá síwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, òun á ṣí i, òun á ní kí ẹ wá fetí sí i.”

Bàbá fa àpótí yọ. Ó tẹ́ ẹ̀wù náà sórí káńtà, ó sì to púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí rẹ̀. Ó mú ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan láti orí pẹpẹ, ó nà án ró ti ọ̀kan nínú wọn, ó fọwọ́ ra orí wọn. Wọ́n dọ́gba. Ó ku nọ́ńbà. Ó mú ti àtijọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Funfun nìkan ló rí.

Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu ti dé ẹnu rẹ̀: èmi mọ̀ ọ́n o, ìwọ ni mo fẹ́ dán wò. Ó gbé e mì. Oníbátìrì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní òdìkejì, ó ń wò ó, bí Bàbá bá sì sọ̀rọ̀, oníbátìrì yóò gbọ́. Bàbá padà wọlé, ó fi púlọ́ọ̀gì náà sọ́wọ́ obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lára bọ́tìnì.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “ojú mi ò ríran mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi ka nọ́ńbà ara rẹ̀.”