Àmín Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Omi

Mìsítúrà ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ẹni tí ìwé ìròyìn máa ń wá kiri. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní kíṣíìnì ilé ìwòsàn kan, tó ń to oúnjẹ sórí tírè fún àwọn aláìsàn tí kò ní jẹ ẹ́. Kó tó débẹ̀, ó ti fọ ọ́fíìsì, ó ti tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ti tọ́ ọmọ méjì nínú fúláàtì kan ní Aylesbury kí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tó kó wọn wá sí Peckham ní London níbí, ẹ̀yìn ilé mi gan-an. Oṣù mẹ́rin ló fi jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ibi mẹ́ta péré ló mọ̀ lọ láyé: ibi iṣẹ́, mọ́ṣáláṣí, àti Ẹpẹ́. Ó lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn kì í ṣe ìrìn àjò, ìpè ni.

Ẹpẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Àìṣát, wà. Àwọn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú; owó ẹja yíyan ni wọ́n fi rán an níléèwé. Ní ọdún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ mú Àǹtí Àìṣát ní apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, bí Mìsítúrà bá ti kí ìrun àsùbáà tán, fóònù ló kàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ jẹ?"

"Ohun tí wọ́n fún mi ni." Ahọ́n wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kú.

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, àmọ́ bí Mìsítúrà kò bá tíì pè, ẹ má bá a sọ ọ̀rọ̀ káńsù tàbí ti bọ́ọ̀sì, kò ní gbọ́ yín.

Yusrah àti Hamid, àwọn ọmọ rẹ̀, ló wá ro ohun rere sí i. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, wọ́n ra ìrìn àjò fún un: ọjọ́ mẹ́fà lórí ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Filipíìnì, láti erékùṣù kan dé òmíràn, pẹ̀lú àjèjì mẹ́sàn-án. Wọ́n ra tèmi náà mọ́ ọn kí n lè máa ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí ìfẹ́ ìyá wọn bá pọ̀ lọ́kàn wọn tán, ńṣe ni wọ́n ń rán an lọ síbi tó jìnnà.

"Yusrah, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lórí omi? Ọmọ Ẹpẹ́ ni mí. Omi ni mo fi sílẹ̀ wá síbí."

"Mummy, just relax, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. And it's non-refundable."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló borí. N kò tíì rí obìnrin wa kan ní Peckham tó máa gbọ́ pé owó ò ní padà tí kò ní lọ wá àpótí.

Síbẹ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àǹtí Àìṣát fúnra wọn ló pàṣẹ lórí fóònù pé, "Lọ jàre. Bá mi wò ó bóyá omi wọn mọ́ ju tiwa lọ."

Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, Mìsítúrà di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Làtíìfù, nítorí Ọlọ́run. Bí nǹkan bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, má jẹ́ kí n gbẹ̀yìn gbọ́."

Mo ní, "Kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan, lágbára Ọlọ́run."

Ẹ kíyè sí i pé n kò ṣe ìlérí. Mo mọ̀ pé n kò ṣe é. Òun lọ́kàn tirẹ̀ gbà pé mo ṣe é.

Rosaline ni orúkọ ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí wa. Mommy ló ń pe àwa méjèèjì, ó sì máa ń ka orí gbogbo wa bí ọmọ iléèwé kí ọkọ̀ tó gbéra: mọ́kànlá. Èmi ọmọ Ìsẹ́yìn, tí kànga ni omi tó jìn jù tí mo mọ̀, mo di irin ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mìsítúrà lọ jókòó níwájú, ó so gèlè rẹ̀ le, ó ń wo omi bí onílé. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gbé ẹja sísun wá. Mìsítúrà ṣí ẹ̀gbẹ́ etí ẹja náà wò.

"Èyí ti kú ṣáájú àná," ló wí fún alásè.

Alásè kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú Mìsítúrà kò nílò ògbufọ̀. Láti ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ yan ẹja.

A ń kírun lórí ọkọ̀, àwa méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Arìnrìn-àjò máa ń pa ìrun pọ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni. Fóònù mi ló ń fi ìhà Mẹ́kà hàn wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. A ó bẹ̀rẹ̀ síhà Mẹ́kà, a ó sì sálámà láti parí rẹ̀ síhà Jàpáánù. Ọlọ́run mọ ibi tí a dojú kọ. Lẹ́yìn náà, Mìsítúrà á gbé ọwọ́ sókè.

"Ọlọ́run Ọba, fún Àìṣát ní àlàáfíà. Jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún wọn tún gbé síbí sẹ́nu."

Èmi á ní, "Àmín."

Lọ́jọ́ kejì, a gúnlẹ̀ sí erékùṣù kejì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ afárá pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Mìsítúrà ti lọ wo ẹja nígbà tí Yusrah pè mí.

"Mummy Làtíìfù, ṣé Mummy wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Ẹ rọra rìn kúrò." Ó mí. "Big Mummy Ẹpẹ́ ti kú. Last night. Wọ́n ti sin wọ́n láàárọ̀ yìí."

Mo jókòó sórí pákó afárá.

"Àwọn àgbà ní Ẹpẹ́ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún Mummy lórí omi. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nkọ́? Kò sí dókítà níbẹ̀."

"Yusrah, ó bẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Please, Mummy. A máa sọ fún wọn properly, nílé, pẹ̀lú Àáfà àti gbogbo yín."

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó délé, kó jókòó, kó mu omi, kí àwọn àgbà yí i ká. Èmi gan-an ti wà lára àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní Peckham, lẹ́ẹ̀kan ní Deptford. Mo mọ bí a ti ń wọlé, bí a ti ń béèrè ojú ọjọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi pa á mọ́ fún mi, mo sì di mílíkì àti bísíkíìtì ránṣẹ́ sí bàbá náà láàárín ìgbà yẹn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, mo sì ní in. Mo wá ń pe sùúrù yẹn ní ẹ̀rí pé ohun tí wọ́n ṣe dára.

Mo lọ bá Rosaline. Mo ní ọkọ̀ wo ló lè gbé àwa méjì padà lónìí?

"Kò sí, Mommy. Ìjì wà lójú ọ̀nà tí a gbà wá, wọn ò gba ọkọ̀ kankan láyè láti padà síbẹ̀. Ìlú tí pápá ọkọ̀ òfurufú wà, ọjọ́ kẹfà la máa débẹ̀."

Bí mo bá sọ fún un, kí ló máa ṣe? Á jókòó láàárín omi pẹ̀lú àjèjì mẹ́sàn-án, á máa sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó. Nígbà tí a kírun mọ̀gàríbì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tọrọ àlàáfíà fún Àìṣát. Bí mo bá dákẹ́, á bi mí léèrè. Mo ní, "Àmín." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni, títí di ọjọ́ kẹfà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Èmi ò fẹ́.

Ó ń pe Ẹpẹ́ níbikíbi tí fóònù bá ti ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé e."

Yusrah sọ fún un pé wọ́n ti gbé fóònù náà lọ tún ṣe. Èmi náà fi tèmi kún un: "Iná ló lọ. Ṣé o ò mọ Nàìjíríà ni?" Ó gbà. Nàìjíríà kì í kọ ẹ̀bi.

Ní erékùṣù kẹrin, a bá ìyá kan tó ń hun abẹ̀bẹ̀ láti ara ewé gbígbẹ. Mìsítúrà gbé bíi mẹ́wàá wò, ó ń fi ọwọ́ òsì wọ̀n wọ́n.

"Ọwọ́ òsì ló kù fún ẹ̀gbọ́n mi. Èyí wúwo. Ìyá Làtíìfù, gba èyí, fẹ́ ẹ fún mi. Ọwọ́ òsì, mo ní."

Mo ń fẹ́ ẹ.

"Ṣé apá ò ro ọ́?"

"Kò ro mí."

"Má tíì dúró. Ooru Ẹpẹ́ kì í ṣe ti ìṣẹ́jú kan."

Mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ òkú nínú oòrùn, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó wò mí.

"Kí ló dé?"

"Iyanrìn ni."

"Iyanrìn wo? Atẹ́gùn tí ìwọ fúnra rẹ ń fẹ́?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo la ẹnu. Rosaline sì pè wá láti inú ọkọ̀, ó ti ń ka orí. Mẹ́sàn-án ló rí. Mìsítúrà san owó abẹ̀bẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn òyìnbó dúró dè wá kí wọ́n má baà sọ pé ìṣe wa ni. Mo tẹ̀ lé e. Ẹnu mi ṣì là díẹ̀.

A padà sí London. Hamid ló fi mọ́tò gbé wa láti pápá ọkọ̀ òfurufú, kò sì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ títí a fi dé Peckham. Ní àjà kẹta, nígbà tí a jáde nínú líífítì, bàtà ló kún ẹnu ọ̀nà Mìsítúrà. Bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, wọ́n tò wọ́n dáadáa bí ti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ohùn àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti inú ilé, ó sì rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mìsítúrà wo àwọn bàtà náà. Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí níbẹ̀.

Yusrah ṣílẹ̀kùn. "Mummy, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mu omi."

"Mo ti jókòó."

Àáfà yọjú lẹ́yìn rẹ̀. "Alhájà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ojú ọjọ́ ọ̀hún nkọ́?"

"Àáfà, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Àáfà wo ilẹ̀, wọ́n sì sọ pé ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ la ó padà sí. Mìsítúrà sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn, jẹ́jẹ́, títí dé òpin. Kò sunkún. Ó bi Yusrah ní ọjọ́ wo. Yusrah sọ fún un. Ó ń fi àtàǹpàkò ka àwọn ìka rẹ̀, erékùṣù kan fún ìka kan, ó sì yíjú sí mi.

"Ìwọ nkọ́, ìgbà wo lo gbọ́?"

Mo ní, "Erékùṣù kejì."

"Kí a tó kí mọ̀gàríbì?"

"Kí a tó kí i."

Ó mi orí. "Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń tọrọ kí ọwọ́ ẹni tó ti wọ sàréè gbé síbí. N kò tọrọ àforíjì kan ṣoṣo fún wọn. Ìwọ sì ń ṣe àmín."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ni wọ́n rò—"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti gbọ́ báyìí."

Àáfà ti sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ọlọ́run ń gba èrò ọkàn, pé kò sí àdúrà tó ṣòfò. Mo gba Àáfà gbọ́. Ṣùgbọ́n Àáfà kọ́ ló fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Mìsítúrà kò bá mi jà. Bí ó bá lọ sí ọjà Deptford, ó ṣì ń ra ẹja tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ṣì ń ṣí ẹ̀gbẹ́ etí wọn wò. Ní ọjọ́ Jímọ̀, a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí mọ́ṣáláṣí, a jọ ń jókòó lórí ìlà ìkírun kan náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, inú ló ń ṣe àdúrà rẹ̀ sí. Á gbé ọwọ́ sókè, ètè rẹ̀ á máa mì, kò ní sí ohùn. Èmi náà á gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò ní mọ ohun tó ń tọrọ. Nígbà tó bá fi ọwọ́ pa ojú, èmi náà á fi tèmi pa ojú.