Sùlíyá àti Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ Gàrí

Kì í ṣe ayé ìgbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ayé SÁÀPÙ ni, ètò ọrọ̀ ajé tó mú nǹkan wọ́n, nígbà tí sójà ń ṣèjọba, tí àwọn iléeṣẹ́ ń tilẹ̀kùn ní Ìkẹjà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa fìtílà kó lè lọ sùn. Obìnrin kan wà ní Agége tí ń jẹ́ Sùlíyá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í yá ju ọwọ́ lọ. Dàwódù ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan, títí ọjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé ná, pé àwọn yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìsinmi ọ̀hún kò parí, ìránṣẹ́ kò sì dé.

Bí iṣẹ́ Sùlíyá ṣe di òpó ilé nìyẹn. Ní àràárọ̀ ni yóò gbéra lọ sí GRA, níbi tí igi ti ṣíji bo títì, tí mẹ́gáàdì ti ń jókòó sẹ́nu géètì, kó lè tọ́jú ilé Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró àti Tinúadé ìyàwó rẹ̀. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà tí Kazeem ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Kazeem ti di ẹni tí ń fá irùngbọ̀n báyìí.

Rọ́ọ̀gì kan wà ní pálọ̀ ilé náà láti ògiri dé ògiri. Ó pupa bí epo, ó sì nípọn débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú rẹ̀, ó di àwátì. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ kò ràn án. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbá a, èyí tí wọ́n ń pè ní fákúùmù. Ó ní ikùn rìbìtì, ó ní ọ̀fun gígùn bí imú erin, àpò kan sì wà ní inú rẹ̀ tí ìdọ̀tí ń wọ̀ sí. Òyìnbó tó ń gbé ilé kejì ló tà á fún wọn nígbà tí ó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Nínú gbogbo ilé náà, Sùlíyá nìkan ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ń ké, ó mọ̀ bóyá ọ̀rá ló há a lọ́fun. Bó bá ń kùn, ó mọ̀ bóyá yíyó ló yó.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Tinúadé sì ń fura pé ó ti darúgbó. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Yóò bu gàrí ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fọ́n ọn sórí rọ́ọ̀gì, yóò ní kí Sùlíyá fa ẹ̀rọ kọjá níbẹ̀. Bó bá gbé gàrí náà mì lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ṣì le. Bó bá jẹ ẹ́ kù, àìsàn ti wọlé.

Ìyá Olúgbénró, tí gbogbo ilé ń pè ní Mààmá, wà lórí àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo gàrí bí ó ti ń wọ ọ̀fun ẹ̀rọ.

"Tinúadé," ó ní, "ọmọ ènìyàn ń wá gàrí tí yóò mu kiri, ìwọ ń fi bọ́ irin."

"Mààmá, àyẹ̀wò ni mò ń fi ṣe."

"Àyẹ̀wò! Ẹ kúkú bu omi tútù sí i, kí ẹ fi ẹ̀pà tì í, kó lè gbádùn ẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Sùlíyá, ó fi ìborùn bo ẹnu. Gàrí wọlé tán, rọ́ọ̀gì mọ́. Tinúadé wá yíjú sí i.

"Ìyá Kazeem, ẹ̀yin lẹ ń lò ó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ọjọ́ náà la máa ra òmíràn. Kí ẹ sì máa gbé èyí lọ sílé yín."

Ọ̀rọ̀ tí ó fúyẹ́ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ lè wúwo létí ẹni tó gbọ́ ọ. Sùlíyá ru ọ̀rọ̀ yìí dé Agége. Bó ti ń lọ, ó ń rántí pálọ̀ àwọn Àlájì onílé tó mọ̀. Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a gbé rọ́ọ̀gì wọn kọ́ sórí okùn, wọn a máa fi igi lù ú bí ẹni lu olè, eruku a sì tún padà bà lé e kó tó wọlé. Bí òun bá ní ẹ̀rọ yẹn, òun á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni òun yóò máa wò mọ́ kí ọmọ òun tó jẹun.

Ó sọ fún Dàwódù bí wọ́n ti ń jẹun alẹ́.

"Kí lo wá ń dúró dè?" Dàwódù bi í.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, Bàbá Kazeem."

"Ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ náà ló yẹ kó o gbà á! Ẹran téèyàn bá fẹ́ jẹ, kó tó kú là ń dú u. Bó bá kú fúnra ẹ̀, òkúǹbete ni. Ajá ló ni ín."

"Ṣé kí n wá parọ́ mọ́ ẹ̀rọ ni?"

"Ẹ̀rọ ò ní í pè ọ́ lẹ́jọ́."

"Màdáámù gbẹ́kẹ̀ lé mi."

"Èmi náà gbẹ́kẹ̀ lé iléeṣẹ́. Wò mí bí mo ṣe jókòó."

Sùlíyá palẹ̀ abọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti mú un ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá ní ẹ̀rọ ti kú nígbà tó wà láàyè, irọ́ ni. Bó bá sì dúró dìgbà tó kú lóòótọ́, òkú ni yóò jogún, kò sì sí ẹni tí ń fi òkú ẹ̀rọ ṣòwò.

Kò fi ẹnu parọ́. Ọwọ́ ló fi pa á. Àpò inú ẹ̀rọ, tí ó máa ń dà nù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kò dà á nù mọ́. Eruku ń lé eruku níbẹ̀, irun ajá ilé, òwú, èérún bisikíìtì àwọn àlejò, gbogbo rẹ̀ kì mọ́ra wọn. Nígbà tó fi pẹ́ díẹ̀, igbe ẹ̀rọ náà ti di ohun tí ará ilé kejì ń yọjú wò. Tinúadé jáde wá láti yàrá ìdáná pẹ̀lú gàrí lọ́wọ́, ó fọ́n ọn sílẹ̀. Sùlíyá fa ẹ̀rọ lọ, ó fà á bọ̀. Gàrí jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

"Háà," Tinúadé ní. Ó káwọ́ lérí. "Ìyá Kazeem, ó tó àbí kò tó?"

Kí Sùlíyá tó lanu, tẹlifóònù dún lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Tinúadé sì sáré gòkè lọ gbé e. Mààmá ló dìde. Ó rọra rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn ẹ̀rọ.

"Sùlíyá."

"Mààmá."

"Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, ibo ni ìyá ẹ̀ kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn?"

"Ikùn ni, Mààmá."

"Ikùn eléyìí le bí àgbọn. Ta ló fún un jẹ yó tán, tó wá tún gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀?"

Sùlíyá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Dìde ńlẹ̀, kí ìyàwó mi má bá ẹ níbẹ̀. Ṣé o rò pé wọ́n máa ra òmíràn ni?"

"Màdáámù ló sọ bẹ́ẹ̀, Mààmá."

"Ó sọ ọ́ kó tó lọ wo iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tó wò ó tán, ó dé ilé, omi ló mu, ó lọ sùn. Olúgbénró wá sọ lójú mi níbí pé ọjọ́ tí eléyìí bá dákẹ́, rọ́ọ̀gì á jáde, àwọn á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí wọ́n ń fi omi nù. Ìyàwó ẹ̀ ò rí ẹnu sọ ọ́ fún ẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ń fi omi nù, ẹnikẹ́ni ló lè nù ún. Kòtò tí ò ń gbẹ́ fún irin yìí, ìwọ náà lo máa bá ara ẹ nínú ẹ̀."

Sùlíyá dìde. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìnkùlé, ó da àpò rẹ̀ nù, ó fi abẹ́ gé irun tó wé mọ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Tinúadé fi sọ̀ kalẹ̀, gàrí ti wọlé, rọ́ọ̀gì ti mọ́.

"Kò tíì tó, Màdáámù," Sùlíyá ní. "Àpò ló kún. Èmi ni mi ò dà á nù."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gbàgbé nǹkan?"

"Èmi ni, Màdáámù. Ẹ má bínú."

Mààmá ti padà sórí àga, ó ń wo ìta bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, Sùlíyá ń tọ́jú ẹ̀rọ bí ọmọ tuntun. Bí ẹ̀rọ bá wà láàyè, rọ́ọ̀gì wà. Bí rọ́ọ̀gì bá wà, iṣẹ́ wà. Ó rò pé bí òun yóò ṣe máa bá a lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan, bí ó ti ń fà á lábẹ́ tábìlì, òórùn kan gba imú rẹ̀ kọjá, òórùn bí ìgbà tí iná jẹ etí aṣọ. Ó paná. Ó tún tàn án. Òórùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń lọ sílé, ó yà sọ́dọ̀ Felix, tí ń tún fáànù àti áyọ́ọ̀nù ṣe lẹ́bàá ojú irin ní Agége, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó gbóòórùn.

"Ìyá Kazeem, kábọ̀ọ̀nù inú ẹ̀, èyí tó ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì, ló ti jẹ tán," Felix ní, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fáànù ọwọ́ rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá tètè gbé e wá, mo máa fi òmíràn sí i, ó ṣì máa pẹ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ń fi ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ á jó. Tó bá ti jó, ẹ má gbé e wá bá mi o. Mi ò kì í sìnkú."

Sùlíyá kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó mọ̀ pé Olúgbénró kò ní í náwó lé ẹ̀rọ tó ti darúgbó. Bí òun bá dákẹ́, yóò jó, iṣẹ́ òun yóò sì bá a jó. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti tó, rọ́ọ̀gì á jáde, òun náà á jáde. Ọ̀nà méjèèjì, ìta ni. Ohun tó kù ni ohun tí òun yóò mú lọ́wọ́ jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Tinúadé àti ọkọ rẹ̀ níbi oúnjẹ àárọ̀. Olúgbénró ń ka ìwé ìròyìn.

"Màdáámù, ẹ ní ọjọ́ tí ó bá tó kí n sọ. Ó tó."

Tinúadé gbé ife tíì sílẹ̀. "Ó ti kú?"

"Kò tíì kú. Kò sì ní í pẹ́ kú bí a ò bá tún un ṣe. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ká rọ́ọ̀gì nílẹ̀ bó bá kú."

Tinúadé bojú wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé ìwé ìròyìn sókè sí i.

"Mi ò bínú, Màdáámù," Sùlíyá ń bá a lọ. "Ayé le fún gbogbo wa. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fún mi ní ẹ̀rọ náà nísinsìnyí. Èmi ni màá tún un ṣe. Ẹ má san owó oṣù fún mi mọ́. Gbogbo Sátidé ni màá máa gbé e wá gbá rọ́ọ̀gì yín, kí ẹ kàn fún mi lówó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Rọ́ọ̀gì yín ò ní í jáde, ẹ ò sì ní í ra ẹ̀rọ."

Ohùn Mààmá ló kọ́kọ́ jáde láti ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Tinúadé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n bá ẹ sọ o. Fèsì."

"Ta ló kọ́ yín lọ́gbọ́n yìí, Ìyá Kazeem?"

"Ebi ni, Màdáámù."

Tinúadé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún díẹ̀ létí. "Ẹ gbé e. Bí ẹ bá dójú tì mí lọ́jọ́ Sátidé, màá wá yín dé Agége."

"Aṣọ ńkọ́?" Olúgbénró bi wọ́n láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. "Ta ló máa wá máa fọ aṣọ?"

"Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún ìwọ náà," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Báyìí ni Sùlíyá gbé ẹ̀rọ lérí jáde ní GRA. Felix fi kábọ̀ọ̀nù tuntun sí i. Dàwódù yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Gbogbo owó oṣù ẹ nìyí?" Sùlíyá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ba Dàwódù, ó sì ba Sùlíyá náà.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é sí ní Agége ni ti Àlájà Modinat, tí ó ní ilé tí ó fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Bí Sùlíyá ti ki wáyà ẹ̀rọ bọ ojú iná báyìí, NẸ́PÀ mú iná lọ.

"Ṣé ọ̀la lẹ máa padà wá ni?" Àlájà bi í.

"Rárá, Àlájà. A máa dúró."

Ó sì dúró. Ó jókòó sórí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú pálọ̀ onílé, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Àlájà bu omi fún un mu. Dàwódù, tó bá a wá nítorí pé kò sí ibòmíràn tó ń lọ, fara ti ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí àwọn ọmọdé pariwo ní gbogbo àdúgbò pé iná dé. Ẹ̀rọ náà kùn, ohùn rẹ̀ lọ geere. Sùlíyá ti ọ̀fun rẹ̀ bọ abẹ́ àga ńlá, kò wọlé tán.

"Bàbá Kazeem," ó ní, "gbé ẹsẹ̀ àga yẹn sókè."

Dàwódù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ló bá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e.

"Gbé e sókè dáadáa," Sùlíyá ní. Dàwódù gbé e sókè sí i, ọ̀fun ẹ̀rọ sì wọlé tán.