Ìtọ̀ Àárọ̀ Mọ́ńdè

Èmi Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, yàrá tèmi kọjú sí ti Tàjùdéèn nínú ilé wa ní Ṣógúnlé. Ẹnu ara ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Wẹ́dà ni. Ọdún mẹ́jọ ló fi lo trámádò, oògùn ara ríro. Ó ní irin wúwo, gbogbo ara ń ro òun. Irin ò tíì fúyẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó sú Salimat ìyàwó ẹ̀, tó ń ru abọ́ oníke tà kiri ní Apakun, ó kó gbogbo ará ilé jọ, ó ní kí ọkọ òun fi Àlùkùráánì búra. Tàjù ṣe àlùwàlá, ó gbọ́wọ́ lé e, ó búra. Salimat ní lọ́jọ́ tó bá tún fẹnu kàn án, òun á kó ẹrù òun lọ sílé bàbá òun ní Ìsẹ́yìn. Gbogbo wa ṣe àmín. Àmín ò ṣòro ṣe.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló bá Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ pàdé, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ní Okota. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ ló ń wá. Ó ní àwọn nǹkan kan wà nínú ọpọlọ bí etí, tó máa ń gba iṣẹ́ tí ara bá rán. Tí trámádò bá ń pariwo sí wọn lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á padé, èèyàn á wá máa wá ariwo tó ju ti àná lọ. Òun fẹ́ mọ iye oṣù tí wọ́n fi ń ṣí padà. Nítorí náà, kí Tàjù máa gbé ìtọ̀ àárọ̀ wá ní gbogbo Mọ́ńdè nínú ike kékeré, kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn wà níbẹ̀.

Mọ́ńdè méje, kò sí nǹkan kan nínú ìtọ̀ ẹ̀. Sọ́ńdè tó ṣáájú ìkẹjọ, ó jó irin géètì ńlá kan pọ̀, ara ro ó, ó bá lo hóró kan. Ẹ̀rù bà á. Tó bá jẹ́wọ́, ìyàwó á lọ. Tí ò bá jẹ́wọ́, ìtọ̀ á bá a jẹ́wọ́. Kí ni ọlọ́gbọ́n wa wá ṣe? Ó bu ti ìyàwó ẹ̀ nínú póò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lọ sí Okota. Àgbàlagbà ọkùnrin o!

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà pè é. "Ọ̀gá Tàjù, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ trámádò tí mo rí nínú ìtọ̀ yìí kọjá ti ẹni tó ṣèèṣì lo hóró kan."

Tàjù padà sílé, ó jókòó. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé ó ti tó ọdún kan tí Salimat ti sọ gbẹ̀yìn pé ìbàdí ń dun òun. Ó ti rò pé Ọlọ́run ló wò ó sàn.

Salimat wọlé, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ìyá Alameen, mo lo hóró kan ní Sọ́ńdè. Ìtọ̀ ẹ ni mo gbé lọ."

Ẹkún Salimat, mo gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ó nawọ́ sí Àlùkùráánì lórí pẹpẹ, ó fẹ́ búra pé òun náà á jáwọ́. Tàjù di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀. Etí inú ọpọlọ kì í gbọ́ ìbúra. Mọ́ńdè, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ní Mọ́ńdè, mo rí wọn lójú fèrèsé, olúkúlùkù pẹ̀lú ike tiẹ̀. Mo ṣe àmín. Àmín èyí ò rọrùn.