Orogún Orí Aṣọ Funfun

Kò sí àbàwọ́n tí àbúrò mi kò lè bọ́ kúrò lára aṣọ. Epo ni o, ẹ̀jẹ̀ ni o, yíǹkì ni o, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ bí ẹní ń wádìí ọ̀ràn, yóò wá yí aṣọ náà padà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kì í bá àbàwọ́n jà níwájú. Ó ní ẹni tó bá ń fọ iwájú kàn ń ti ìdọ̀tí wọnú ni. Bó bá sì máa sá irú aṣọ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ló máa ń kọ síta títí yóò fi gbẹ. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde máa ń funfun báláú, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Báláú. Èmi ni mo ń bá a lọ aṣọ. Àbúrò ló ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n ló ń ti áyọ́ọ̀nù. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́.

Nǹkan kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni owú. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá padà sọ́dọ̀ wa, àbúrò mi yóò gbóòórùn ọṣẹ ẹlòmíràn lára kọ́là rẹ̀, yóò sì dijú mọ́rí títí onítọ̀hún yóò fi bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, owú jíjẹ ò jẹ́ kó sanra. Ẹ wá wo àbúrò mi, kò sí ẹran níbì kankan lára rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Aláròyé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ọ̀nà jíjìn ló ń rìn, bó bá sì ti dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí yóò ti máa sọ̀rọ̀. "Báláú, wá gbọ́." Gbogbo ìtàn rẹ̀ ló máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ ti afárá tó mì lábẹ́ táyà rẹ̀, ti àgùntàn tó sùn sáàárín ọ̀nà tó ní òun kò ní dìde, ti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí kò mọ bí yóò ṣe tò ó padà. Èmi náà á máa gbọ́ nídìí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn, ẹ̀rín á sì máa pa mí. Àbúrò mi á rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, lẹ́yìn náà á wá bi í pé ta ló ń sọ gbogbo ìwọ̀nyí fún nígbà tí kò bá sí nílé. Ó ń jowú ọ̀nà. Ọ̀nà tí kì í ṣe èèyàn.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlu ọkùnrin náà. Orí ló yọ ọ́ tó ti páàkì ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu Aláròyé pátápátá. Ohun tí a ń bá a sọ ń yé e, ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu láti dáhùn, èémí nìkan ló ń jáde.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àbúrò mi, ó tọ́jú ọkọ rẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, ó sì ń se aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú omi gbígbóná lójoojúmọ́ débi pé àlejò kankan kò gbóòórùn àìsàn nínú yàrá yẹn rí. Tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, "Ẹ pè mí. Ẹ sá pè mí ní Báláú, kò le." Ọkùnrin náà á gbìyànjú, omi á bọ́ lójú rẹ̀, á sì kọjú sí ògiri. Oṣù ń gorí oṣù. Ìgbà tó yá, kò gbìyànjú mọ́, ó kàn ń kọjú sí ògiri náà ni. Oúnjẹ pàápàá, ó ń fi ọwọ́ òsì tì í.

Dókítà ló sọ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ti ń di àìsàn kejì, ó sì ní ká máa mú un lọ sí yàrá àwòrán tó wà lẹ́yìn ọsibítù. Yàrá gígùn ni, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, àwọn tábìlì rẹ̀ kún fún ìgò ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, ó so aṣọ kan mọ́ iwájú tí kò sí àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀. Àbúrò mi wo aṣọ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Bí a ṣe jáde, ó pòṣé, ó ní ẹni tí kò lè fọ ohun tó so mọ́dìí ni yóò wo ọkọ òun sàn. Mo ní ṣebí aṣọ iṣẹ́ ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní kò sí aṣọ tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ náà fi búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì Aláròyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà wọ́gọwọ̀gọ lásán ló ń fà. Lọ́jọ́ kan tí a lọ mú un wálé, a gbọ́ ẹ̀rín láti ojú fèrèsé. Àbúrò mi dúró sojú kan. Ẹ̀rín Aláròyé tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí ni. A yọjú wo inú, olùkọ́ náà gbé ìgò méjì dání, ó ń bi í pé èwo ni kí òun ṣí. Aláròyé tọ́ka, ó la ẹnu, ó ní, "Pupa."

Mo rò pé àbúrò mi á fò sókè ni. Irin fèrèsé ló dì mú. A rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé kó tó sọ ọ́ sí mi létí. "Pupa," ó ní. "Gbogbo bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, pupa ló kọ́kọ́ pè."

Olùkọ́ náà pè wá jókòó lọ́jọ́ kejì, ó ṣàlàyé. Ó ní apá ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ ọkọ wa ti fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í ṣe igi gbígbẹ, ó lè la ọ̀nà mìíràn. Ó ní bí èèyàn bá ń ṣa àwọ̀, tí ọwọ́ ń fà á, tí ojú ń wo ohun tí ọwọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ ibi ló ń jí nínú ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà, ara á sì fúyẹ́, ọkàn á rọlẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Ó ní kì í ṣe idán, kò sì rí bákan náà fún gbogbo èèyàn, ká má fi ìdánrawò ọ̀rọ̀ sísọ tí dókítà ní kó máa ṣe sílẹ̀. Gbogbo àlàyé yìí wọ̀ mí létí. Ohun kan ṣoṣo ló wọ àbúrò mi létí: ọkàn ọkọ òun rọlẹ̀ níbòmíràn.

Kò pẹ́ tí bébà fi kéré fún Aláròyé, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti yá sí i. Ó fọwọ́ sọ fún wa pé òun fẹ́ aṣọ. Àbúrò mi fún un ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan, ó kàn án mọ́ ògiri tó máa ń kọjú sí, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà sórí rẹ̀. Ọ̀nà tó ti fi ọkọ̀ rìn fún ọdún gbọọrọ ni. Òkè kan, igi, afárá, ibùsọ̀ epo kan tí ògiri rẹ̀ ti wó. Bó bá ti ń ya nǹkan kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ á bọ́ lẹ́nu rẹ̀: òkè, omi, afárá. Ó ń jẹun. Ó ń sùn. Inú mi ń dùn.

Inú àbúrò mi kò dùn. Bó bá gbé oúnjẹ wọlé, ọkọ rẹ̀ kì í bojú wẹ̀yìn. Ó ti wo gbogbo àwòrán náà láti òkè dé ilẹ̀, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. "Orogún mi rèé," ó wí fún mi, ó ń nawọ́ sí ògiri. "Orogún tó lẹ́nu, à bá jọ bú ara wa. Èyí ò lẹ́nu, ó wá gba ẹnu ọkọ mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo ní kó ṣe sùúrù, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ní kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ, èmi tí kò sẹ́ni tí mo ń se oúnjẹ dè. Opó ni mí. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, èmi ni mo lọ mú Aláròyé wá láti yàrá àwòrán. Bí a ṣe wọlé, ó ti ọ̀pá rẹ̀ lọ sí yàrá, èmi gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Aṣọ funfun kún orí okùn. Mo rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan láàárín wọn tí ìṣó ti lu létí, ó funfun tó fi ń dunni lójú. Àbúrò mi ní ó dàpọ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà ni, òun kò mọ̀ títí òun fi rì í bọmi. Mo fọwọ́ kan etí aṣọ náà. Ojú rírán rẹ̀ wà níta.

"Inú rẹ̀ lo kọ síta," mo ní.

Aṣọ tó bá ṣèèṣì bọ́ sómi, kò sẹ́ni tó ń ti ẹ̀yìn fọ̀ ọ́. Ó ti ẹ̀yìn àwòrán náà bẹ̀rẹ̀, ó ti fi sùúrù lé òkè lọ, ó lé omi lọ, ó lé afárá lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí a dúró sí ni Aláròyé bá wa. Ó wo okùn, ó wo aṣọ tó wà lórí rẹ̀, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

"Báláú," ó ní. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó já gaara. "Báláú, ibo lo gbé ọ̀nà mi sí?"

Orúkọ tí àbúrò mi ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àbúrò mi jókòó sórí ilẹ̀ tútù, láàárín omi ọṣẹ. Ó ní, "Mo fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Owú ló ń jẹ mí." Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó yípadà, ó wọlé, ó sì kọjú sí ògiri tó ti ṣófo.

Láti ọjọ́ náà, kò sí pupa, kò sí afárá. Kò gbà kí a mú òun lọ sí yàrá àwòrán mọ́, ṣíbí pàápàá tún di ohun tó ń tì dànù. Ẹ̀rù bà wá. Àbúrò mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá olùkọ́ náà, èmi tẹ̀lé e. Ó jẹ́wọ́, kò bu omi là á. Ohun tó sì bi í ni pé bí òun ṣe fọ àwòrán náà kúrò lára aṣọ, ṣé ó ti kúrò nínú ọpọlọ ọkọ òun náà. Olùkọ́ náà ní ohun tí yíyà náà ṣe fún un kò sí lára aṣọ, ara ọkọ rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá fi sílẹ̀, koríko á bò ó. Kó wá nǹkan tí ọkùnrin náà yóò fi tún mú búrọ́ọ̀ṣì, kó má pẹ́.

Bí a ṣe délé, àbúrò mi kan aṣọ mìíràn mọ́ ògiri. Ọkọ rẹ̀ kò wò ó. Ó kó ìgò ọ̀dà sílẹ̀, kò wò ó. Ni àbúrò mi bá mú búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò fi àbàwọ́n kan aṣọ rí láyé rẹ̀, mo rí i bó ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì náà nu etí ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fi ọ̀dà kan funfun yẹn. Ó ya ọ̀nà ọkọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, owú kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Àmọ́ bó ṣe ń yà á kò dára, igi rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀. Lójoojúmọ́, tó bá ti fọ aṣọ tán, á lọ dúró síwájú ògiri náà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé tí òun bá ń wá àwọ̀ tí omi ń ní ní ìrọ̀lẹ́, òun kì í rántí owú rárá, àyà òun á fúyẹ́, òun á wá mọ ohun tí ọkọ òun ń lọ gbà níbẹ̀. Mo rí i lára rẹ̀. Ó ń bá oníbàárà ṣeré.

Lọ́jọ́ kan, èmi ń wọ́n omi sára aṣọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú yàrá.

"Rárá. Afárá kọ́. Òkè ló kọ́kọ́ wà."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé afárá ni," àbúrò mi fèsì.

"Òkè," ó ní. "Gbé e wá. O ti bà á jẹ́." Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò tíì sọ fún un títí di òní pé òun dárí jì í. Kò sì dákẹ́ mọ́. Tó bá ti dìde láàárọ̀, "Báláú, ta ló fi igi síbí?" ni. Àbúrò mi á ní ibẹ̀ ló máa ń wà nínú ìtàn, wọ́n á sì jọ máa jiyàn lórí rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí omi orí iná á fi hó gbẹ.

Èmi ni mo ń pa iná náà. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí tábìlì mi, àwọn méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ọ̀nà kan tí mi ò gbà rí. Mo máa ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ jù, èmi tí kò sẹ́ni tí mo ń bá jiyàn. Lánàá mo jó kọ́là oníbàárà kan, àbúrò mi sì bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí.